Bí Àwọn Ọmọ Íńdíà Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

 

Kò sí ọdún kan tí òbí kan tàbí ọmọ kan kì í bi wá nípa ẹ̀kọ́ ní òkè òkun, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè ni iye owó ọkọ̀ òfúrufú àti ẹni tí ó lè bá wọn gba físà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bèèrè ohun tí ó yẹ kí ọmọ ti máa ṣe láti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á wo àwọn tí ó ń rin ọ̀nà náà jù lọ, èyíinì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kí á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń múra, ohun tí ó ń ná wọn, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ lójú ọ̀nà.

Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Institute of International Education, tí ó máa ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lọ́dọọdún. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, àjọ náà ka 331,602 ọmọ Íńdíà. Ọdún náà ni wọ́n borí àwọn ọmọ Ṣáínà, tí wọ́n tún gba ipò kìíní tí wọn kò dé láti ọdún 2009. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, iye wọn di 363,019.

Nínú 331,602 yẹn, 196,567 ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí ó ń kàwé gba oyè àkọ́kọ́ kò ju 36,053 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ti parí ẹ̀kọ́, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdánrawò tí òfin yọ̀ǹda fún wọn. Ọ̀nà méjì ni ó wà nígbà náà: ọ̀nà ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde ní ilé-ìwé girama, àti ọ̀nà ẹni tí ó ti gba oyè kan nílé. A ó sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì.

ÌRÌN-ÀJÒ NÁÀ TI PẸ́

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni àwọn ọmọ Íńdíà ti ń lọ. Ní ọdún 1913, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bhimrao Ambedkar wọ yunifásítì Columbia ní New York. Inú ẹ̀yà tí àwọn ará ìlú kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn ni wọ́n bí i sí. Ọba Baroda ni ó fún un ní owó ẹ̀kọ́, pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ààbọ̀ lóṣù fún ọdún mẹ́ta, òun náà sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba Baroda. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira, òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà.

Ní oṣù kejì ọdún 1950, ìjọba Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Láti inú àdéhùn yìí ni àjọ tí wọ́n ń pè ní USIEF lónìí ti jáde. Ó ní ọ́fíìsì ní New Delhi, Mumbai, Chennai, Kolkata àti Hyderabad. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í gba owó lọ́wọ́ yunifásítì kankan. Ní 1965 ni Amẹ́ríkà yí òfin rẹ̀ padà lórí àwọn àjèjì tí ó fẹ́ gbé ibẹ̀, láti ìgbà náà ni iye àwọn ọmọ Íńdíà ti ń pọ̀ sí i.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Sundar Pichai, tí ó di olórí Google ní 2015. Ó parí ní ilé-ẹ̀kọ́ IIT ti Kharagpur ní 1993, ó sì lọ sí yunifásítì Stanford. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé owó tí bàbá òun ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú òun tó owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹ kíyè sí i pé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ṣì ń bọ̀ níwájú.

ÌDÁNWÒ KAN ÀTI ÌWÉ ỌDÚN MẸ́RIN

Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ta ọmọ Íńdíà lẹ́sẹ̀ ni pé ọ̀nà tí Amẹ́ríkà fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ti ilé rẹ̀. Ní Íńdíà, ẹni tí ó bá fẹ́ di ẹnjiníà yóò ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní JEE. A lè fi wé JAMB tiwa, àfi pé ipele méjì ni tiwọn. Ní 2024, àwọn tí ó ṣe ipele kìíní lé ní 1,400,000. Àwọn tí ó ṣe ipele kejì jẹ́ nǹkan bí 180,000. Àyè tí ó wà ní gbogbo IIT, èyíinì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, kò ju 17,740 lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú ọgọ́rin ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ni ó lè rí àyè. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Rajasthan tí ń jẹ́ Kota. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún máa ń fi ilé sílẹ̀ lọ gbé níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n lè gba ẹ̀kọ́ àfikún fún ìdánwò yìí nìkan.

Ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò máa rò pé máàkì ọjọ́ kan ni ó ń pinnu ohun gbogbo. Amẹ́ríkà kò ní ìdánwò kan ṣoṣo tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo yunifásítì. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ọmọ tirẹ̀, ìwé púpọ̀ ni ó sì ń kà nípa ọmọ náà kí ó tó dáhùn.

Ìkíní nínú wọn ni máàkì kíláàsì kẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Ní Íńdíà, ìdánwò ńlá ti ìjọba wà ní kíláàsì kẹwàá àti ìkejìlá, àwọn méjèèjì yìí ni òbí máa ń fojú sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa sinmi ní kíláàsì kọkànlá, nítorí pé ilé-ìwé tiwọn ni ó ń ṣe ìdánwò ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ní Amẹ́ríkà tí ó ń ka ìwé wọn yóò rí ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún tí ọmọ fi ṣeré kò ṣeé fi pa mọ́.

Ìkejì ni pé ọjọ́ kò bára mu. Yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń pa fọ́ọ̀mù dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá fún àwọn tí ó tètè kọ̀wé, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní fún àwọn yòókù. Ìdánwò kíláàsì kejìlá ti àjọ CBSE kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù kejì, èsì rẹ̀ kì í sì í jáde títí di oṣù karùn-ún. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ ni yóò kọ máàkì tí wọ́n rò pé ọmọ náà yóò gbà. Bí èsì gidi bá dé, tí ó sì lọ sílẹ̀ jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ, yunifásítì lè gba àyè tí ó fún un padà.

Ìkẹta ni lẹ́tà àwọn olùkọ́. Olùkọ́ méjì tí ó mọ ọmọ náà dáadáa yóò kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì, tí olùkọ́ kò mọ̀ ju orúkọ inú ìwé ìpè lọ, kí ni olùkọ́ yóò kọ nípa rẹ̀? Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ní Íńdíà ni ó ní olùdámọ̀ràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó kọ ọ́.

Ìkẹrin ni àròkọ. Fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Common Application, tí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ti di èyí tí yunifásítì tí ó lé ní 1,000 ń lò. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò ju 650 lọ. Èyí le fún ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti máa há ìdáhùn sórí. Fọ́ọ̀mù kan náà fi àyè mẹ́wàá sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àwọn òbí kan máa ń rò pé àfi kí ọmọ mọ dùùrù tẹ̀ tàbí kí ó gba ife-ẹ̀yẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ń bá bàbá rẹ̀ tajà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń tọ́jú ìyá àgbà tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí tí ó ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí ọdún tí ó fi ṣe é ti pọ̀ tó àti ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀.

Ìkarùn-ún ni ìdánwò. SAT ni èyí tí ó gbajúmọ̀ jù. Láti 2023 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ òkèèrè. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, 1600 sì ni máàkì rẹ̀ tí ó ga jù. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ yunifásítì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ní 2022 ni MIT dá a padà. Ní 2024, Dartmouth, Brown àti Harvard náà kéde pé àwọn dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ University of California kò wò ó mọ́ rárá láti 2021. Nítorí náà, kí ọmọ tó ná owó lórí ìdánwò, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí yunifásítì tí ó fẹ́ ń bèèrè. Lẹ́yìn SAT, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tún wà: TOEFL, IELTS tàbí ti Duolingo. Kódà ọmọ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré lè rí i pé wọ́n ṣì ní kí ó ṣe ọ̀kan nínú wọn.

ÀWỌN TÍ Ó TI NÍ OYÈ KAN

Àwọn tí ó ń lọ fún oyè másítà ni ó pọ̀ jù, ìṣòro tiwọn sì yàtọ̀. Ní Íńdíà, oyè BA, BSc àti BCom jẹ́ ti ọdún mẹ́ta. Oyè ẹnjiníà ni ó jẹ́ ti ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà sì fẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ ti kàwé fún ọdún mẹ́rìndínlógún láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní oyè ọdún mẹ́ta jẹ́ wọn ní ọdún kan. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gba másítà nílé kí wọ́n tó kọ̀wé. Àwọn yunifásítì kan sì máa ń gba oyè ọdún mẹ́ta bí máàkì rẹ̀ bá dára gan-an. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba Íńdíà gbé jáde ní 2020, wọ́n ti fi oyè ọdún mẹ́rin kún un fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Yàtọ̀ sí èyí, wọn yóò bèèrè máàkì gbogbo sáà, lẹ́tà láti ọwọ́ olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àti àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa ohun tí ó fẹ́ kọ́ àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti kùnà nínú iṣẹ́ kan rí kí ó tó tún un ṣe, ìwé náà yóò sọ ọ́. Àwọn yunifásítì kan ṣì ń bèèrè ìdánwò GRE, tí wọ́n gé kúrú sí ìwọ̀nba ìṣẹ́jú 118 ní 2023. Àwọn mìíràn ti fi í sílẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan òbí jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọdún kan ní yunifásítì kan, pẹ̀lú oúnjẹ àti ilé, jẹ́ 40,000 dọ́là. Ní 2014, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí rúpì 61. Owó náà yóò jẹ́ 2,440,000 rúpì. Ní òpin ọdún 2024, dọ́là kan ti di nǹkan bí rúpì 85. Owó kan náà ti di 3,400,000 rúpì. Yunifásítì kò fi dọ́là kan lé e, síbẹ̀ bàbá ọmọ ní Íńdíà ti san 960,000 rúpì sí i. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá sì wà tí ọdún kan níbẹ̀ lé ní 80,000 dọ́là.

Yunifásítì kì í fún ọmọ ní ìwé I-20, tí í ṣe ìwé tí yóò fi bèèrè físà, láìjẹ́ pé ó rí ẹ̀rí owó ọdún kan, ó kéré tán. Níbo ni owó náà ti ń wá? Àwọn òbí kan ti ń kó o jọ láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn kan ta ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń yá owó lọ́wọ́ báńkì, tí bàbá sì ń fi ilé tí ìdílé ń gbé dógò. Bí ọmọ bá lọ tí kò rí iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ilé náà ni báńkì yóò wò.

Kò sì dára kí òbí gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe níbẹ̀. Òfin fi àyè gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láti ṣiṣẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, inú ọgbà yunifásítì ni yóò sì ti ṣe é. Owó bẹ́ẹ̀ lè ra oúnjẹ, kò lè san owó ilé-ìwé. Lẹ́yìn tí ó bá gba oyè, ó lè ṣiṣẹ́ ìdánrawò fún ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò ni ó kọ́, wọ́n lè fi ọdún méjì kún un. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà fi ń yan ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ àjèjì, tí wọ́n sì máa ń dí àlàfo owó tí òbí kò lè san. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àyè wọn há púpọ̀. Ẹni tí ó ń lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì sábà máa ń rí owó ìtọ́jú gbà lọ́wọ́ yunifásítì nítorí iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìkọ́ni tí yóò ṣe. Ẹni tí ó ń lọ fún másítà ni ó máa ń san owó tirẹ̀ jù.

ÀWỌN ỌMỌ MÙSÙLÙMÍ NÍBẸ̀

Ó yẹ kí á fi gbólóhùn díẹ̀ kún un nípa àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa ní Íńdíà. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, àwọn Mùsùlùmí jẹ́ nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2020 sí 2021, wọn kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Íńdíà. Ẹni tí kò bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílé kò lè gba ọ̀nà másítà dé Amẹ́ríkà. Sir Syed Ahmad Khan ti rí ìṣòro yìí ní 1875 nígbà tí ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Aligarh sílẹ̀, èyí tí ó di Aligarh Muslim University ní 1920. Ní 2013, yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe fún àwọn tí ó jáde ní ilé-kéú, kí wọ́n lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè wọ kíláàsì oyè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tún le fún ìdílé tí kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé. Láti 2013, ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Padho Pardesh, tí ó ń bá àwọn ọmọ tálákà inú ẹ̀sìn tí kò pọ̀ níye san èlé orí owó tí wọ́n yá lọ kàwé ní òkèèrè. Wọ́n fi òpin sí i ní ọdún ìṣúná 2022 sí 2023. Ìpínlẹ̀ Telangana, tí Hyderabad jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2015, níbi tí ọmọ tí ó bá yege ti lè rí tó 2,000,000 rúpì gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn, tí ó sì tètè kọ̀wé, ni irú nǹkan báyìí máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

NÍWÁJÚ ẸNI TÍ Ń FÚNNI NÍ FÍSÀ

Bí I-20 bá ti dé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó SEVIS, ìyẹn owó ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì. Ó di 350 dọ́là ní 2019. Owó físà fúnra rẹ̀ di 185 dọ́là ní 2023. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún: New Delhi, Mumbai, Chennai, Kolkata tàbí Hyderabad.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1952 sọ pé kí òṣìṣẹ́ físà ka ẹnikẹ́ni tí ó wá síwájú òun sí ẹni tí ó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ títí, àfi bí onítọ̀hún bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọn yóò bèèrè pé: Kí ló dé tí o fi yan yunifásítì yìí? Kí ni o fẹ́ kọ́? Ta ni yóò san owó rẹ? Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ? Ọmọ tí ó mọ ìdí tí ó fi ń lọ kò nílò láti há ìdáhùn sórí. Èyí tí ejẹ́ǹtì kọ́ ní ọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́ ni ó máa ń kọsẹ̀ bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà.

Ìbẹ̀rù ọjọ́ yìí pọ̀ lọ́kàn wọn. Tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan wà ní Chilkur, lẹ́bàá Hyderabad, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tẹ́ńpìlì físà, nítorí iye àwọn tí ó ń lọ bèèrè físà níbẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún 2025, Amẹ́ríkà dá fífún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tuntun dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ohun tí wọ́n ń kọ sórí Facebook àti irú rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn lè kà á. Ohun tí ọmọ fi ṣeré lórí fóònù ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti di ara ìwé rẹ̀.

ILÉ TÍ A FI ITỌ́ MỌ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Níbi tí owó pọ̀ tó báyìí, tí ìfẹ́ ọkàn sì gbóná, irọ́ kì í jìnnà. Àwọn ejẹ́ǹtì kan ń kọ àròkọ tà. Àwọn kan ń yá ènìyàn ní owó tí yóò sùn sí báńkì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni tí ó lówó. Àwọn kan ń tẹ ìwé máàkì.

Ní 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Íńdíà wà ní yunifásítì Lehigh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó ti fi ayédèrú ìwé gba àyè àti owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó tilẹ̀ ṣe ìwé ikú bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá náà wà láàyè. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ tú u. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdárúkọ, tí ẹni tí ó kà á sì fi tó yunifásítì létí. Wọ́n mú un, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì padà sí ilé.

Ẹlòmíràn kì í purọ́, àwọn mìíràn ni wọ́n ń pa irọ́ fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilé-ẹ̀kọ́ kan pa ní California tí ń jẹ́ Tri-Valley University. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 1,500 ni orúkọ wọn wà níbẹ̀, ọmọ Íńdíà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Andhra Pradesh. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gba owó, ó ń fúnni ní ìwé físà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ gidi níbẹ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń rìn sí, èyí sì bí àwọn ará Íńdíà nínú gan-an. Ní 2014 ni wọ́n sọ ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n tí ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n owó àwọn òbí ti lọ, ọdún àwọn ọmọ sì ti lọ pẹ̀lú.

Báwo ni òbí ṣe lè mọ̀? Ohun mẹ́ta ni kí ó wò. Àkọ́kọ́, ṣé àjọ tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí yunifásítì náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkójọ ìjọba? Èkejì, ṣé wọ́n ń bèèrè máàkì àti lẹ́tà kí wọ́n tó gba ọmọ, tàbí owó nìkan ni wọ́n ń bèèrè? Ẹ̀kẹta, ṣé ẹni tí ó ń gbà wá ní ìmọ̀ràn kì í ṣe ẹni tí yunifásítì náà ń sanwó fún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ pé kí ọmọ má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá sí kíláàsì, kí ó sá fún un.

ÈTÒ ỌDÚN MẸ́RIN

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan, a tò ó bí ọmọ Íńdíà tí ó múra dáadáa ṣe máa ń ṣe é.

Kíláàsì kẹsàn-án: ó ń fiyè sí máàkì gbogbo sáà, ó ń ka ìwé mìíràn yàtọ̀ sí ti kíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí kò ní fi sílẹ̀.

Kíláàsì kẹwàá: ó ń ṣe ìdánwò ìjọba. Òbí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó ní gbangba níwájú rẹ̀.

Kíláàsì kọkànlá: kò sinmi. Ó ń ṣe SAT lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọ orúkọ yunifásítì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sílẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Kíláàsì kejìlá: fọ́ọ̀mù ń ṣí ní oṣù kẹjọ, ó ń fi í ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá tàbí oṣù kìíní, ó ń ṣe ìdánwò ìjọba láti oṣù kejì, ìdáhùn ń dé títí di ìparí oṣù kẹta, ó ń yan ọ̀kan kí oṣù karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, físà ń tẹ̀ lé e, ó sì ń gbéra ní oṣù kẹjọ.

Gbogbo àwọn oṣù yìí ni ó sì ń fi ìdánwò ilé ṣe ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà ni ó tún ń ṣe JEE tàbí ìdánwò yunifásítì Íńdíà, kí ọ̀nà kan má bàa dí kí wọ́n wá di ẹni tí kò ní ibi tí yóò lọ.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ilé dógò, ẹ bá ọmọ jókòó, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́ àti ohun tí yóò fi ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, máàkì sáà tí ẹ wà nínú rẹ̀ yìí ni ojúewé kìíní nínú ìwé tí ẹnì kan yóò kà nípa yín lọ́jọ́ iwájú, ì báà jẹ́ ní òkèèrè, ì báà jẹ́ nílé. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì kọ ọ́ ní òótọ́. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìwé kíkà gbogbo wa. Àmín.